Owó ìwòsàn ni, kì í ṣe owó takisí

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí lè má dùn mọ́ gbogbo èèyàn. Ó kan àwọn tí a máa ń dáwó jọ fún kí wọ́n lè gbé aláìsàn wọn lọ sí Índíà.

Owó yẹn kì í ṣe owó ẹnì kan. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà ní Sabon Gari dá sí i, ọmọ tó ń wa A Daidaita Sahu dá sí i. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá padà dé, tí a jókòó ṣírò, a máa ń rí i pé owó ọkọ̀ ti jẹ nínú owó dókítà. Takisí láàárọ̀, takisí lálẹ́. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n lọ rí dókítà míì ní ìlú míì, bàlúù ni, láìbéèrè. Tí a bá bi wọ́n, wọ́n á ní, "A ò mọ ọ̀nà, a ò gbọ́ èdè wọn." Ó dáa. Àwọn bàbá wa tó wọ rélùwéè láti Òṣogbo, Ọ̀fà àti Ìlọrin wá síbí lẹ́yìn tí ọ̀nà irin láti Èkó dé Kánò ní 1912, ṣé wọ́n ti gbọ́ Haúsá kí wọ́n tó wọkọ̀ ni?

Nínú ìlú Delhi, ẹni tó bá lè rìn, kó wọ Metro, rélùwéè inú ìlú. Ó mọ́, ó tutù, wọ́n kọ orúkọ ibùdókọ̀ ní èdè òyìnbó, wọ́n sì ń kéde rẹ̀. Láti pápákọ̀ òfuurufú dé tésàn New Delhi, bí ogún ìṣẹ́jú ni. Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sí ọsibítù. A Daidaita wa yìí náà ni! Índíà ni ilé iṣẹ́ Bajaj wà. Kẹ̀kẹ́ tiwọn ní mítà, àmọ́ bí awakọ̀ bá ti rí àlejò, mítà á ti "bàjẹ́". Ẹ dúnàádúrà kí ẹ tó jókòó. Ẹni tó ń nájà ní Kwari kò nílò kí a kọ́ ọ nìyẹn. Aláìsàn tí kò lè dìde, takisí ni tiẹ̀, kò sí àríyànjiyàn.

Ìrìn láti ìlú sí ìlú ni wàhálà pọ̀ sí. Delhi sí Mumbai tó 1,400 kìlómítà, ṣùgbọ́n rélùwéè Rajdhani á gbéra nírọ̀lẹ́, ilẹ̀ á sì mọ́ ba yín níbẹ̀. Ẹ ra 3A: ẹ̀rọ amúlétutù wà, ibùsùn wà, wọ́n á fún yín ní aṣọ ìbora. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi aláìsàn sí ibùsùn ìsàlẹ̀. Títà tíkẹ́ẹ̀tì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 60 ọjọ́ ṣáájú, ó sì máa ń tán. Bí ẹ bá rí WL lára tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ò tíì ní àyè. RAC, ẹni méjì ni yóò pín ìjókòó kan. CNF lẹ máa wá. Ọ́fíìsì àwọn àlejò ilẹ̀ òkèèrè wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní tésàn New Delhi; ẹ mú pásípọ́ọ̀tù dání. Ẹni tó bá pàdé yín níta tó ní wọ́n ti ti ọ́fíìsì náà, ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ ló fẹ́ mú yín lọ.

Ẹ sì ka orúkọ tésàn dáadáa, ẹ jọ̀ọ́. New Delhi yàtọ̀ sí Old Delhi, Hazrat Nizamuddin náà tún yàtọ̀. Ọ̀kan nínú wa gbé ìyá rẹ̀ lọ sí New Delhi. Nizamuddin ló wà lára tíkẹ́ẹ̀tì. Kó tó yé e, ọkọ̀ ti lọ. Orí àpò ẹrù ni màmá jókòó sí títí ilẹ̀ fi ṣú, tí wọ́n ń wá owó tíkẹ́ẹ̀tì míì. Owó yẹn, owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa wá ń sọ pé kí gbogbo èèyàn máa wọ rélùwéè. A ò fara mọ́ ìyẹn o. Delhi sí Chennai ju 2,000 kìlómítà lọ, ó ju ọjọ́ kan lọ lórí irin. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kí ni yóò ṣe níbẹ̀? Kó wọ bàlúù, kó gba ìwé dókítà dání tó fi hàn pé ó lè fò. Owó yẹn kò ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹ má tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà, nítorí dókítà lè ní kí ẹ dúró sí i. Ti rélùwéè, bí àyè yín bá dájú tí ẹ sì tètè fagi lé e, wọ́n á yọ díẹ̀, wọ́n á dá ìyókù padà. Ní Dìsẹ́ḿbà àti Jánúárì, kùrukùru máa ń bo Delhi, rélùwéè àti bàlúù ló ń pẹ́. Ẹ má fi ọjọ́ tí ẹ máa dé ṣe ọjọ́ dókítà.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹni tó máa tẹ̀lé aláìsàn kọ ètò owó ọkọ̀ wá sí ìpàdé kí ẹgbẹ́ tó gbé owó lé e lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ, ẹ kọ iye tí ẹ san àti tésàn tí ẹ ti wọkọ̀ sísàlẹ̀ ibí. Ìdílé kan ń múra àtilọ báyìí.