Owó Ọ̀kadà, Ọ̀nà Òkè àti Àwa Onídùúró

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lóṣù yìí lè má dùn mọ́ gbogbo yín nínú, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí n má sọ ọ́, kí ó kọ́kọ́ ka iye ọmọ ẹgbẹ́ tó fi owó ẹ̀yáwó ra ọ̀kadà, kí ó sì ka iye àwa tí a fọwọ́ síwèé gẹ́gẹ́ bí onídùúró wọn.

Kì í ṣe láti fi gbé èrò láti Post Office lọ sí Challenge nìkan ni wọ́n ṣe ń ra ọ̀kadà yìí. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbé e lọ sí ìgbèríko tí mọ́tò kì í fẹ́ẹ́ dé, láti kó iṣu, gàrí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti obì jáde wá bá wa. Ẹni tó bá ti gba Òmù-Àrán kọjá sí ìhà Òkè-Ẹ̀rọ, tàbí tó wọ ilẹ̀ Èkìtì lọ títí dé Ìtáwúrẹ́ àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, mọ̀ pé ọ̀nà ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀nà Ìlọrin. Òkè tó wà nínú orúkọ Táíwò Òkè tiwa yìí, ẹni tó ti dé Ẹ̀fọ̀n kò ní pè é ní òkè. Níbẹ̀, àpáta lè wà lápá kan, kí ọ̀gbun wà lápá kejì, kí kùrukùru àárọ̀ má sì jẹ́ kí o rí ẹni tó ń bọ̀ níwájú.

Bí ọ̀kadà bá ṣubú níbẹ̀, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé ọmọ náà ń sáré àsájù, tàbí pé ó ti mu paraga. Nígbà mìíràn òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ẹ̀bi náà kan àwa tí a ń yá wọn lówó, ó sì kan àwa tí a ń háyà wọn.

Ẹ wo bí a ti ń ṣe lọ́jọ́ ọjà. Òjò ti ṣú. Ọlọ́kadà á ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀, òjò yìí pọ̀." Ìyá á ní, "Dúró ke? Ṣé mọ́tò Ìlọrin ló máa dúró dè mí? Bí o ò bá fẹ́ ṣiṣẹ́, sọ fún mi." Ìyá á gun ẹ̀yìn, ọmọ á wà láàárín, àpò gàrí méjì á wà lẹ́yìn, wọ́n á sì san owó ẹni kan. Ẹrù tó wà lẹ́yìn pátápátá yẹn máa ń gbé táyà iwájú fúyẹ́ bí wọ́n bá ń gun òkè, tí ọwọ́ kò fi ní ràn án dáadáa. Bí wọ́n bá wá ń sọ̀kalẹ̀, gbogbo rẹ̀ á máa ti ọlọ́kadà síwájú.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: lórí títì ọlọ́dà, òjò àkọ́kọ́ ló burú jù. Epo tí mọ́tò àti tírélà ti ń kán sílẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti dàpọ̀ mọ́ eruku. Bí òjò bá kọ́kọ́ kan án, títì á máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Bí òjò náà bá rọ̀ dáadáa tó sì fọ̀ ọ́ lọ, ó máa ń sàn díẹ̀. Ọ̀nà ilẹ̀ pupa ò rí bẹ́ẹ̀. Bí òjò ti ń pọ̀ sí i ni tiẹ̀ ń burú sí i. Nítorí náà, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ọlọ́kadà fẹ́ fi dúró sábẹ́ òrùlé yẹn, kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe.

Àrùn mìíràn tún wà tí ọ̀wọ́n epo kó bá wa. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, tí lítà kan fi kúrò ní nǹkan bíi N185 tó sì kọjá N500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ọlọ́kadà kan gbà pé èrè ni kí èèyàn yọ jíà sí fírì, tàbí kó tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì, bó bá ti ń sọ̀kalẹ̀ òkè. Epo ṣíbí mélòó ni wọ́n ń rí fi pamọ́ níbẹ̀? Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú jíà kékeré ló ń di máṣìn mú lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bó bá ti wà ní fírì, ìwúwo máṣìn, èrò àti ẹrù á já lé búrẹ́kì nìkan lórí, búrẹ́kì tó bá sì ti gbóná jù kò ní di nǹkan mú mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí omi bá wọ inú rẹ̀ nígbà tí wọ́n la àbàtà kọjá. Ẹni tó mọṣẹ́ á rọra máa tẹ̀ ẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú títí yóò fi gbẹ, kó tó dé ojú òkè. Á sì ti dín eré kù kó tó wọ kọ́ńà, nígbà tí máṣìn ṣì dúró ṣánṣán, torí ẹni tó bá di búrẹ́kì gírí nígbà tí máṣìn ti dẹ̀gbẹ́ lórí omi, ilẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ibi tí èèyàn máa rìn kí búrẹ́kì tó dá a dúró á di ìlọ́po mẹ́rin.

Ti tírélà ńkọ́? Ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní 2021, tírélà tó kó sìmẹ́ńtì pàdánù ìjánu níwájú Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin ní Àkùngbá-Àkókó, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wọn. Ọ̀kadà tó bá rí tírélà lẹ́yìn rẹ̀ níbi ìsọ̀kalẹ̀, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó jẹ́ kó kọjá. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ó wá ku àṣíborí, èyí tí àwọn ọlọ́kadà ń pè ní ẹ́límẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó rántí oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹni tí kò bá dé e. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ṣe alága rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1988, a sọ ọ́ di àwàdà: àwọn kan dé igbá, àwọn kan dé ìkòkò, àwọn kan dé ike ọ̀dà. Àwọn èrò ní àwọn ò ní í dé ti ọlọ́kadà, kó má lọ jẹ́ pé ó ti fi oògùn sínú rẹ̀. A rẹ́rìn-ín o. Bẹ́ẹ̀ àwọn onímọ̀ ìṣègùn kó ìwádìí orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ ní 2008, wọ́n sì rí i pé, fún ẹni tí máṣìn bá gbé ṣubú, àṣíborí ń dín ewu ikú kù ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ewu orí fífọ́ kù ní ìdá 69. Ti igbá ò sí níbẹ̀.

Ẹni tó bá ní kò ṣeé ṣe ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, kó wo Rwanda, tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ ẹgbẹ̀rún òkè. Ọlọ́kadà ibẹ̀ ń gbé àṣíborí méjì, ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún èrò, èrò kan ṣoṣo ló sì ń gbé. Ohun tó yẹ kó wọ̀ wá létí ni pé inú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ bíi tiwa yìí ni àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀ kóra jọ sí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kan àpò wa. Bí ọmọ ẹgbẹ́ wa bá ṣubú ní òkè, tí Ọlọ́run sì dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ó lè wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun fún oṣù mélòó kan. Ẹsẹ̀ ọlọ́kadà ló ṣẹ́, ẹsẹ̀ gbèsè ò ṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá owó ẹ̀yáwó á pé, ìyàwó rẹ̀ ò ní rí i san, onídùúró ni wọ́n máa pè. Mo sì mọ̀ pé onídùúró kì í béèrè ohun mìíràn ju pé, "Ṣé ó máa lè san án?" Kò béèrè bí táyà ṣe rí.

Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí owó àṣíborí méjì tó dára, tó ní okùn àgbọ̀n, wà nínú owó ẹ̀yáwó ọ̀kadà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ san án fún ẹni tó ń tà á, torí bí a bá kó owó lé ọmọ lọ́wọ́, ó lè bá ohun mìíràn lọ. Kí mẹkáníìkì tí ẹgbẹ́ fọkàn tán máa yẹ búrẹ́kì àti táyà wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kó sì fọwọ́ síwèé. Wọ́n á ní ìyẹn á sọ ẹ̀yáwó di ọ̀wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, díẹ̀. Ẹ fi wé gbogbo owó ọ̀kadà tí onídùúró méjì máa pín san. Ní tàwa ọlọ́jà, kí a gbà láàárín ara wa pé ẹnì kan la ó máa gun ọ̀kadà lọ́nà òkè, kí àpò gàrí dúró de mọ́tò, kí ẹnikẹ́ni má sì lé ọlọ́kadà jáde sínú òjò.

Mo ti kọ̀wé sí akọ̀wé pé kó fi ọ̀rọ̀ yìí sára ohun tí a ó jíròrò níbi ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní àtakò, kó mú un wá síbẹ̀. Ẹni tó bá sì ṣe onídùúró fún ọlọ́kadà, kó jọ̀wọ́ lọ wo táyà rẹ̀ kó tó wá.