Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru Kì í Ṣe Oògùn Ibà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí kan àwọn òbí wa, ó sì kan ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ pẹ̀lú. Bí ibà bá mú ènìyàn, ọjọ́ mẹ́ta ni a sábà máa ń fi lo oògùn rẹ̀. Ara á yá, ó parí. Àṣà yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbé wọ inú lílo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n á lo páálí kan, wọ́n á ní ara àwọn ti dá, wọ́n á sì dá a dúró. Ibẹ̀ ni ewu wà.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ènìyàn. Oògùn rẹ̀ kì í fa gbòǹgbò rẹ̀ tu; ńṣe ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́. Bí a bá dá a dúró, ẹ̀jẹ̀ a tún máa ru láìpariwo, títí yóò fi ba ọpọlọ, ọkàn tàbí kíndìnrín jẹ́. Ẹ̀rọ ìwọn ni kí a gbà gbọ́. Bí nọ́ńbà òkè bá ń tó 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ ń tó 90, léraléra, ẹ̀jẹ̀ náà ga. Bí ó bá wálẹ̀ nígbà tí a ń lo oògùn, oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Àrùn kò tíì lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú oògùn méjì tó wọ́pọ̀. Amlodipine lè mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wú. Lisinopril lè fa ikọ́ gbígbẹ. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, kí ó fi oríṣi mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ètè, ahọ́n tàbí ojú ẹni tó ń lo lisinopril bá wú lójijì, kí ó má lò ó mọ́, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí ó lè dí ọ̀nà ọ̀fun. Àwa aláwọ̀ dúdú ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù. Aboyún kò gbọdọ̀ lo lisinopril rárá. Ó lè pa ọmọ inú lára.

Ẹ ṣọ́ra fún oògùn ara ríro bíi ibuprofen àti diclofenac. Wọ́n lè mú ẹ̀jẹ̀ ga, wọ́n sì lè ṣe kíndìnrín níbi. Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà. Oògùn tí wọ́n kọ fún màmá kì í ṣe ti bàbá, bí àìsàn wọn tilẹ̀ jọra.

Bí ẹ bá gbàgbé láti lo tòní, ẹ lò ó nígbà tí ẹ bá rántí. Bí àkókò ti ọ̀la bá ti súnmọ́, ẹ fo èyí tí ẹ gbàgbé. Ẹ má lo méjì papọ̀. Bí owó oògùn bá sì wọ́n jù, ẹ má tijú láti sọ fún dókítà. Ó lè rí èyí tí apá yín ká.

Bí ẹ bá pe àwọn òbí yín lópin ọ̀sẹ̀ yìí tí ẹ béèrè àlàáfíà, "A dúpẹ́" ni wọn yóò fi dáhùn. Ẹ tún béèrè iye tí ẹ̀rọ fi hàn, àti iye hóró oògùn tó kù nílé.