Owó Tí Ń Wọlé ní Káúńtì Amẹ́ríkà

Ní ìkànìyàn ọdún 2020, ènìyàn 64 péré ni a bá ní Loving, káúńtì kan ní Texas. Ní Los Angeles wọ́n ju mílíọ̀nù 10 lọ. Síbẹ̀ ọdọọdún ni Ilé-iṣẹ́ Ìkànìyàn Amẹ́ríkà ń sọ iye tí ń wọlé fún ìdílé àárín ní méjèèjì: bí a bá to gbogbo ìdílé láti orí tálákà dé orí olówó, èyí tí ó bọ́ sí àárín gẹ́lẹ́ ni. Wọn kì í da owó pọ̀ kí wọ́n pín in dọ́gba, nítorí ọlọ́rọ̀ kan ṣoṣo lè bo òṣì ìlú mọ́lẹ̀.

Níbi tí ẹni tí a bi léèrè kò tó nǹkan, ìwé owó-orí àti àkọsílẹ̀ ìjọba mìíràn ni ìṣirò ń gbára lé jù.

Iṣẹ́ kan náà ni ó ń sọ iye ọmọ tálákà tí a fi ń pín owó ìrànlọ́wọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́. Kí òfin ọdún 1994 tó dé, ìkànìyàn ọlọ́dún mẹ́wàá ni wọ́n ń lò. Àdúgbò tí iṣẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́ yóò máa gba ìpín ìlú tí ó rí jẹ. Ó dára tí wọ́n fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n àṣìṣe tí Ilé-iṣẹ́ náà ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ iye káúńtì kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ń pín owó kì í wò ó.