Ẹ Má Fi Inú Rírun Yín Di Ẹ̀sùn Sí Oníwàrà Lọ́rùn

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ ohun kan tó ti ń dùn mí lọ́kàn. Káfíńtà ni mí tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn dídùn ló jẹ́ kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, oko díẹ̀ ni mo ń dá báyìí ní Ṣakí níbí. Èmi kì í ṣe dókítà o, ṣùgbọ́n ojú mi ti rí, etí mi sì ti gbọ́.

Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ tí obìnrin Fúlàní kan ti ń gbé wàrà wá tà ní àdúgbò wa. Ìyá Oníwàrà ni gbogbo wa ń pè é. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi kan tó ti lé lógún ọdún wá kí wa láti Èkó. Ó jẹ wàrà tútù púpọ̀, ó tún mu gààrí tó bu mílíìkì sí. Kó tó di ọ̀gànjọ́, inú rẹ̀ ti wú, ó ń kùn, ìgbẹ́ gbuuru sì dé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ará ilé ti ní oníwàrà ló fi nǹkan sí i. Bí obìnrin náà ṣe dé, èébú ni wọ́n fi pàdé rẹ̀, wọ́n sì da igbá wàrà rẹ̀ nù. Mo wà níbẹ̀, n kò sọ nǹkan kan. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì kan ló wá là wá lójú. Ó bi ọmọ náà bóyá mílíìkì ti ṣe é bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ ní bẹ́ẹ̀ ni, pé tí òun bá mu tíì tí mílíìkì pọ̀ nínú rẹ̀ l'Ékòó, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹ gbọ́ o! Ṣé Ìyá Oníwàrà ló lọ fi nǹkan sí mílíìkì inú agolo l'Ékòó ni? Àwa tí a jọ jẹ nínú wàrà ọjọ́ yẹn ńkọ́, kí ló ṣe wá?

Nọ́ọ̀sì ní ṣúgà kan wà nínú mílíìkì, lactose lorúkọ rẹ̀. Ikùn ọmọ ọwọ́ ní ohun tó ń dà á, ìdí nìyẹn tí ọmú ìyá fi bá a mu. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dàgbà, ohun náà ń dínkù. Ṣúgà tí kò dà yóò sọ̀kalẹ̀ sínú ìfun, yóò fa omi mọ́ra, àwọn kòkòrò inú ìfun yóò sì sọ ọ́ di afẹ́fẹ́. Inú á wú, ìgbẹ́ á ṣí. Kì í ṣe májèlé, kì í ṣe àfọ̀ṣẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó di mínísítà ètò ìlera ní 1985, wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí rẹ̀ pẹ̀lú Norman Kretchmer ará Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1971. Wọ́n rí i pé ikùn ọ̀pọ̀ jù lọ àgbà Yorùbá kì í da ṣúgà yìí, ṣùgbọ́n ti púpọ̀ nínú àwọn Fúlàní darandaran ń dà á. Àwọn baba ńlá wọn ti ń mu wàrà láti ayébáyé. Ohun tí obìnrin náà fi ń bọ́ ọmọ tirẹ̀ ló gbé wá tà fún wa.

Kì í ṣe pé kí gbogbo wa sá fún wàrà o. Tí wọ́n bá fi omi ewé bọ̀mùbọ́mù mú kó dì, púpọ̀ nínú ṣúgà yẹn ń bá omi rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n wàrà tútù ṣì ní díẹ̀ lára, pàápàá èyí tí wọ́n kó sínú omi rẹ̀, díndín kò sì ní kó pòórá. Ẹlòmíràn á jẹ ẹyọ kan, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ẹlòmíràn ò ní lè jẹ ẹ́ rárá. Kí kálukú mọ ìwọ̀n ara rẹ̀.

Ẹni tí kò bá lè jẹ ẹ́, wàrà sóyà wà. Láti nǹkan bí 1987 ni àwọn onímọ̀ IITA n'Íbàdàn ti ń kọ́ àwọn ènìyàn bí a ṣe ń fi sóyà ṣe oúnjẹ ilé. Ìyàwó mi ń ṣe é báyìí. Á rẹ sóyà mọ́jú, á bó èèpo rẹ̀, á lọ̀ ọ́, á sẹ́ ẹ, á wá gbé omi funfun rẹ̀ kaná kó hó dáadáa, nítorí sóyà tí kò jiná kò dára fún ikùn. Lẹ́yìn náà, á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i tàbí kó bu omi ògì kíkan sí i. Tó bá dì, á dà á sínú aṣọ, á gbé nǹkan wúwo lé e. Èmi ni mo kan àpótí tó fi ń tẹ̀ ẹ́. Ó gé e, ó fi ata sí i, ó dín in, ọmọ-ọmọ mi jẹ ẹ́ yó, ó sì sùn dọ́jọ́ kejì.

Àwọn kan ní bí a kò bá rí àdàn, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Èmi ò gbà pé òòbẹ̀ ni sóyà. Oúnjẹ tó ń mú ara dàgbà ni, agbára ọwọ́ wa sì ká a. Ẹ kàn ṣọ́ra: ara àwọn kan kì í gba sóyà, a kò sì gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ já ọmọ ọwọ́ lẹ́nu ọmú. Bí ìgbẹ́ gbuuru kò bá dá tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Ẹni tó bá sì ń ta wàrà sóyà, kó pè é ní wàrà sóyà, kí oníbàárà mọ ohun tó ń rà.

Màlúù ti jẹ àgbàdo mi rí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ní ibi tí à ń gbé e lọ, kì í ṣe orí obìnrin tó gbé igbá wàrà ló yẹ ká sọ ọ́ sí.

Mo lọ bá Ìyá Oníwàrà lọ́jà, mo bẹ̀ ẹ́, mo sì fún un lówó wàrà tí wọ́n dà nù. Ó gbà, ó ní kò burú. Ṣùgbọ́n títí di òní, kò tún gba àdúgbò wa kọjá mọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé, kí ẹ tó pe ẹnì kan ní aṣebi, ẹ kọ́kọ́ bi ikùn yín léèrè.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Káfíńtà Àgbà, Ṣakí.