Kí A Tó Bá Aláró Jà

Ẹ̀yin ìyá ilé, àti ẹ̀yin bàbá tí ń san owó aṣọ, ó dá mi lójú pé ẹ ti gbọ́ irú ẹjọ́ yìí rí. Ìgbéyàwó ń bọ̀, ẹbí ti dá owó jọ, a sì ti yan àwọn obìnrin méjì tí ojú wọn mọ ọjà láti lọ ra léèsì àti gèlè. Lábẹ́ iná inú ìsọ̀, gèlè àti léèsì bá ara wọn mu bí ìbejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ pé, tí gbogbo ẹbí jáde sínú oòrùn, a rí i pé ọ̀kan jẹ́ elésè àlùkò, èkejì sì pọ́n jù ú lọ. Ariwo bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní oníṣòwò ni ó pààrọ̀ ọjà, àwọn mìíràn ní àwọn tí a rán ti kó nínú owó jẹ. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ a máa pẹ́ nínú ẹbí ju aṣọ náà fúnra rẹ̀ lọ.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí olè nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. A rò pé àwọ̀ ń gbé inú aṣọ bí iyọ̀ ti ń gbé inú ọbẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí a ń pè ní funfun kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Isaac Newton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fi èyí hàn gbangba. Ó mú kí yàrá rẹ̀ ṣókùnkùn, ó lu ihò kékeré sára ìlẹ̀kùn fèrèsé, ó sì jẹ́ kí ìtànṣán oòrùn gba inú dígí onígun mẹ́ta kọjá. Àwọn àwọ̀ òṣùmàrè sì tẹ́ sára ògiri níwájú rẹ̀. Ní ọdún 1672 ni a tẹ ìròyìn iṣẹ́ náà jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Èyí tí ó wù mí jù níbẹ̀ ni pé ó tún kó àwọn àwọ̀ náà jọ sí ojú kan, wọ́n sì padà di funfun. Àwọn ènìyàn ti rò tẹ́lẹ̀ pé dígí ni ó ń da àwọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ lára, bí ẹni da aró sínú omi. Newton fi hàn pé inú ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí wá ni iṣẹ́ aró? Aró kì í fi ohunkóhun kún ìmọ́lẹ̀. Jíjẹ ni ó ń jẹ nínú rẹ̀. Aṣọ pupa gbé àwọ̀ ewé àti àwọ̀ búlúù inú ìmọ́lẹ̀ mì, ó sì dá pupa padà sí ojú wa. Nítorí náà, ohun tí iná kò bá ní, aṣọ kò lè dá a padà. Nínú ìmọ́lẹ̀ fìtílà elépo, pupa àti ìyeyè pọ̀, búlúù sì ṣọ̀wọ́n; ìdí nìyí tí ẹni tí ó múra lójú fìtílà fi lè wọ ìbọ̀sẹ̀ dúdú sí ẹsẹ̀ kan, kí ó wọ ti búlúù tí ó ṣú sí èkejì, kí ó má sì mọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná mànàmáná: gbogbo wọn lè jọ funfun lójú wa, ṣùgbọ́n ìwọ̀n àwọ̀ tí ó wà nínú wọn kò dọ́gba. Aṣọ méjì tí a fi aró ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rẹ lè dá àwọ̀ kan náà padà lábẹ́ iná ìsọ̀, kí wọ́n sì pínyà nínú oòrùn. Oníṣòwò kò pààrọ̀ ọjà. Iná ni ó yí padà.

Àwọn ọmọ tí ń fi ọ̀dà ṣeré mọ̀ pé búlúù àti ìyeyè ni a ń pò di àwọ̀ ewé. Ọ̀dà búlúù ti gbé pupa àti ìyeyè mì, ọ̀dà ìyeyè sì ti gbé búlúù mì. Àwọ̀ ewé nìkan ni àwọn méjèèjì jọ dá sí. Ẹ fi pupa kún un, yóò di àwọ̀ ẹrẹ̀, nítorí bí àwọn ajẹun ti ń pọ̀ sí i nínú ìkòkò ni oúnjẹ ń tán. Ìmọ́lẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí iná pupa àti iná àwọ̀ ewé bá jùmọ̀ tàn sára ògiri kan, ìyeyè ni ojú yóò rí. Ní ọdún 1861, James Clerk Maxwell gbé àwòrán ọ̀já aláwọ̀ púpọ̀ kan hàn ní Lọ́ńdọ̀nù nípa fífi àtùpà mẹ́ta tan ìmọ́lẹ̀ pupa, ti ewé àti ti búlúù lé ara wọn lórí. Ọgbọ́n yìí náà ni fóònù ọwọ́ wa ń lò. Ẹ kán omi bíńtín sí ojú rẹ̀ níbi tí àwòrán ìyeyè wà, kí ẹ sì wò ó dáradára: àmì kéékèèké pupa àti ti ewé ni ẹ óò bá níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó kan ẹjọ́ wa jù ni ti àwọn aláró ìlú Paris. Ní ọdún 1824 ni a fi Michel-Eugène Chevreul ṣe olórí ibi ìrẹṣọ ní Gobelins, níbi tí a ti ń hun aṣọ ọlọ́nà ńlá tí a ń fi kọ́ sára ògiri ààfin. Ẹ̀sùn ni ó bá níbẹ̀. Wọ́n ní òwú dúdú tí àwọn aláró ń rẹ kò dúdú tó. Pé bí a bá fi hun òjìji sára aṣọ búlúù tàbí elésè àlùkò, ńṣe ni ó máa ń dà bí èyí tí ó ti ṣá. Ìbá rọrùn fún ọ̀gá tuntun láti lé aláró kan tàbí méjì lọ kí ariwo lè rọlẹ̀. Chevreul kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kó òwú dúdú láti àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn tí ó lókìkí, ó fi wọ́n wé ti Gobelins, ó sì rí i pé ti Gobelins kò rẹ̀yìn. Kò sí àléébù nínú ìkòkò aró. Aládùúgbò òwú náà ni ó ń bà á jẹ́. Bí a bá tẹ́ àwọ̀ méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ojú wa a máa ti ọ̀kọ̀ọ̀kan jìnnà sí èkejì. Búlúù ń ta àwọ̀ bí ti ọsàn tí ó pọ́n sára dúdú tí ó wà nítòsí rẹ̀, ó sì ń gba agbára rẹ̀. Ọdún 1839 ni ó tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà jáde. Ọdún 1889 ni ó kú, ní ẹni ọdún 102. Mo rò pé àwọn olùfisùn ti sinmi tipẹ́.

Bí àwọn ọmọ kò bá gbàgbọ́, kí wọ́n tẹjú mọ́ aṣọ pupa kan, kí wọ́n ka ení, èjì títí dé ọgbọ̀n, kí wọ́n sì gbé ojú sí ìwé funfun. Àwọ̀ ewé tí ó fẹ́ jọ búlúù ni yóò hàn sí wọn níbi tí kò sí nǹkan kan.

Àwọn ahunṣọ tiwa náà mọ̀ bí ojú ti ń ṣe. Ẹ wo aṣọ ẹtù, tí a sọ lórúkọ ẹyẹ ẹtù: fọ́nrán tí aró rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú, pẹ̀lú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó mọ́ jù ú lọ láàárín rẹ̀. Ní ìtòsí, ẹ lè ka àwọn ìlà náà. Ní òkèèrè, wọ́n yọ́ pọ̀ di àwọ̀ kan ṣoṣo tí ó tutù lójú, tí a kò rẹ nínú ìkòkò kankan.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí a ó tún rán lọ sí ọjà, ẹ gé èékìrí léèsì dání kí ẹ tó lọ yan gèlè, kí ẹ sì gbé àwọn méjèèjì jáde sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ ra èyí tí yóò tó gbogbo ẹbí lẹ́ẹ̀kan náà láti inú ìdì kan, nítorí ó ṣòro kí ìkòkò aró méjì bára dọ́gba. Ẹ rántí pé ojú ẹni tí yóò wé gèlè jẹ́ aládùúgbò gèlè: èyí tí ó ní àwọ̀ ewé a máa fi pupa díẹ̀ kún ojú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń yẹ àwọn kan ju àwọn mìíràn lọ. Bí iyèméjì bá ṣì kù, ẹ gé ihò kékeré méjì sára páálí funfun kan, kí ẹ tẹ́ ẹ lé aṣọ méjèèjì, kí ihò kan bọ́ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Páálí náà yóò bo ohun tí ó yí wọn ká, ojú yóò sì rí àwọ̀ aṣọ nìkan. Ẹ ṣe èyí ní ọ̀sán gangan, kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ má baà fi pupa tirẹ̀ kún un.