Bàálù inú yanrìn, bàálù inú omi
Ẹni tó bá dúró létí òkun ní Port-Bouët, nítòsí pápákọ̀ òfurufú Abidjan, omi nìkan ni yóò rí. Bẹ́ẹ̀, inú omi náà ni bàálù Kenya Airways já sí lálẹ́ ọjọ́ 30, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2000, láìpé ìṣẹ́jú kan tó gbéra. Èkó ló ń bọ̀. Ọyẹ́ ni kò jẹ́ kó balẹ̀ síbẹ̀ nígbà tó ń ti Nairobi bọ̀, tó fi kọjá sí Abidjan. Nínú èèyàn 179, àwọn 10 péré ló yè. Ọmọ Nàìjíríà sì pọ̀ nínú àwọn tó bá a lọ. Kí lèèyàn fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ níbẹ̀? Ìgbì òkun?

Ti aṣálẹ̀ Ténéré, ní Niger, yàtọ̀. Bọ́ǹbù ló fọ́ bàálù UTA 772 lókè ibẹ̀ lọ́jọ́ 19, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1989. Gbogbo èèyàn 170 inú rẹ̀ ló kú. Lọ́dún 2007, àwọn ẹbí wọn fi òkúta dúdú to àwòrán bàálù sójú yanrìn, wọ́n to dígí fífọ́ 170 yí i ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún olóògbé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbé apá bàálù náà gan-an dúró lóòró.

Àwọn kan ní ìwà àìláàánú ni kéèyàn gbé kámẹ́rà lọ síbi àjálù. Èmi kò gbà. Ìyá olóògbé tí kò lágbára àtidé aṣálẹ̀, fọ́tò apá bàálù yẹn ni sàréè tó lè fọwọ́ kàn. Ìyá tí òkun Abidjan kò dá òkú ọmọ tirẹ̀ padà fún, omi nìkan ló ní.