Ìpàdé Inú Ilé Ọkọ̀

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wá tọrọ owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà fẹ́ ṣe ìpàdé ní Ìbàdàn. Mo bi í pé, "Èrè wo ni ẹ óò pín níbẹ̀?" Ó ní, "Bàbá, ìmọ̀ ni a óò pín." Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n mo rántí ìtàn kan.

Ní alẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 1975, ènìyàn 32 péjọ sí Menlo Park, ní Kalifọ́níà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nínú ilé tí Ọ̀gbẹ́ni Gordon French ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí. Òun àti Fred Moore ni ó pe ìpàdé náà. Orúkọ tí wọ́n wá sọ ẹgbẹ́ náà ni Homebrew Computer Club. Ẹ̀rọ kan tí à ń pè ní Altair ni ó kó wọn jọ. Kò ní ojú bí ti tẹlifíṣọ̀n, kò sì ní ibi tí a ó ti tẹ lẹ́tà. Iná wẹ́wẹ́ àti àwọn ohun tí à ń tì sókè-sódò nìkan ni ó wà níwájú rẹ̀. Ní ìpàdé mìíràn ní ọdún náà, Steve Dompier gbé rédíò sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ yìí, ni rédíò bá bẹ̀rẹ̀ sí kọrin! Àwọn géńdé ọkùnrin pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé.

Steve Wozniak wà nínú wọn. Nígbà tí òun náà ṣe ẹ̀rọ tirẹ̀, ọ̀fẹ́ ni ó ń fún wọn ní àwòrán rẹ̀. Steve Jobs, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni ó ní kí àwọn máa tà á, ni wọ́n bá dá Apple sílẹ̀ ní 1976.

Ṣùgbọ́n ìjà ń bẹ níbẹ̀ o, ẹ̀yin oníṣòwò. Bill Gates àti Paul Allen kọ ètò kan fún Altair, títà ni wọ́n sì ń tà á. Àwọn ará ẹgbẹ́ rí tẹ́ẹ̀pù rẹ̀, wọ́n ṣe àdàkọ rẹ̀, wọ́n sì ń pín in bí ẹni ń pín sàráà. Ní oṣù Kejì ọdún 1976, Gates, ọmọ 20 ọdún, kọ lẹ́tà síta pé olè ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ta ni ó jàre? Bí mo bá fi ojú ọlọ́jà wò ó, Gates ni. Ohun tí onílé fi tọrẹ yàtọ̀ sí ohun tí àlejò kó, Wozniak fúnra rẹ̀ ni ó sì fi tirẹ̀ tọrẹ. Síbẹ̀ ẹ̀yin tíṣà óò bi mí pé, bí wọn kò bá pín in, ènìyàn mélòó ni ì bá mọ bí a ti í lo ẹ̀rọ náà? Èmi kò tíì rí èsì rẹ̀ fún yín.

Mo fún ọmọ náà ní owó àlọ àti àbọ̀. Mo ní kí ó pín ohun tí ó bá jẹ́ tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ọ̀gá rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè. Ó ní òun gbọ́. Ó di ìgbà tí ó bá dé.